Ojúde Ọba pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ìyá àgbà: ìran, fújì, àti àgbò sísun ní ọjọ́ kẹta Iléyá

ÌyáTọ́lání

Ẹ kú ilé o, gbogbo èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ìdílé wa fẹ́ lọ wo ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Iléyá tó ń bọ̀ yìí. Àgbà mẹ́fà ni wá, ọmọ mẹ́rin, àti ìyá ọkọ mi tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Oṣù mẹ́wàá ni àbíkẹ́yìn, ọdún 11 ni àkọ́bí. Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nígboro la máa sọ̀ sí. Tí a bá ti ibi ìran dé, àwọn onífújì kan máa wá ṣeré fún wa ní àgbàlá, a ó sì dáná sun ẹran àgbò Iléyá: àsun fún àgbà, súyà fún àwọn ọmọ.

Ẹran yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ọjọ́ kìíní la máa pa á, ọjọ́ kẹta la máa sun ún, ẹ sì mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe. Kílò mélòó ló máa tó wa? Èédú ńkọ́? Báwo ni mo sì ṣe máa kó ọmọ mẹ́rin wọ àárín èrò, ẹṣin àti ìbọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u palẹ̀ fún mi.

ỌmọAlárẹ́

Ẹ káàbọ̀ sílé wa, Ìyá Tọ́lání. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi ìran, àwọn tó mọwọ́ iná á sọ ti ẹran.

Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú dájú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, òṣùpá ló sì ń pinnu Iléyá. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Bí ọjọ́ 11 ló fi ń yá sí i lọ́dọọdún, torí náà àsìkò òjò la ṣì wà. Ẹ má sanwó ohunkóhun tí kò ṣe é dá padà títí wọ́n á fi kéde ọjọ́ Iléyá gan-an.

Láti Èkó, ọ̀nà mẹ́ta ló wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ lè gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé Ṣàgámù kẹ́ ẹ wá yà sí ọ̀nà Bẹ́nìn, ẹ lè gba Ìkòròdú kọjá Ìtóìkín, ẹ sì lè gba Ẹ̀pẹ́. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ti sùn sí Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá gbéra l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ kẹta pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni agbára rẹ̀ máa tán sí kó tó fojú kan ẹṣin. Ẹ fi mọ́tò sílé ẹ̀gbọ́n. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé ibi tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ìyókù.

Ní ti ìran fúnra rẹ̀: ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó débẹ̀, kó má di ariwo lásán létí wọn. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn Iléyá pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, orúkọ Balógun Kúkù sì wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti di ti gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú báyìí, ẹlẹ́sìn yòówù kó jẹ́. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tọkùnrin tobìnrin, ń jó wọlé ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú aṣọ tiwọn, ìlù tiwọn, orin tiwọn. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù keje 2025, ló tún gbé ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yẹn dìde. Àwọn ìdílé Balógun, irú bí ìdílé Kúkù àti Ọdúnúga, ló ń gẹṣin wọlé ní tiwọn. Kẹ́ ẹ ní kí ọmọ ọdún 11 yẹn máa wo ọrùn ẹṣin: ṣaworo ló wà níbẹ̀, awọ aláràbarà ló wà lójú rẹ̀, ẹṣin tí wọ́n sì ti kọ́ dáadáa máa ń gbé ẹsẹ̀ iwájú ní ìtẹ̀lé ìlù. Ìyẹn ni kó máa ṣọ́. Ọmọ tó bá ní nǹkan tó ń ṣọ́ kì í tètè sú.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti etí kún un, torí ibẹ̀ ni àwọn òbí kì í fiyè sí.

Àwọn ìdílé Balógun máa ń yin ìbọn ṣakabùlà. Ìró ìbọn lójú kan náà lè ju 140 dB (ìwọ̀n ariwo) lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó láti pa etí ọmọ ọwọ́ lára. Sípíkà ńlá ní ibi eré lè dé 100 dB níwájú rẹ̀ gan-an. Etí àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ gbà á ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Òwú tí àwọn èèyàn ń kì sétí kò tó nǹkan kan. Ìdérí etí onírọ́bà, èyí tó ń bo gbogbo etí tó sì rọ̀ mọ́ orí bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, ni kẹ́ ẹ rà fún àwọn ọmọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ oṣù mẹ́wàá nílé fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó di ọjọ́ náà, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ pé ibi ìran lẹ ti kọ́kọ́ gbé e kọ́ ọ lórí, á fà á jù sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ni kí ọmọ náà wà, pẹ̀lú ọ̀já tó le. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ò wúlò láàárín èrò. Tẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n ọ́n má jó púpọ̀, kẹ́ ẹ sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibòjì kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lẹ́yìn. Ooru ara ìyá pẹ̀lú aṣọ òfì lè mú ọmọ gbóná bí ibà.

Omi: àpò pure water kan, ọ̀rá 20, sẹ̀ntílítà 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún èèyàn 11, àpò kan ò tó láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé méjì, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan sínú kúlà.

ỌmọAlárẹ́

Òótọ́ ni. Mo tún gbàgbé ti ẹṣin. Ẹ má dúró sẹ́yìn ẹṣin, bó ti wù kó tutù tó. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí ẹṣin ti lè rí yín, kẹ́ ẹ fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀ láàárín. Ẹ má ṣí agbòjò lójijì nítòsí rẹ̀. Ìbọn á dún, ẹṣin á ta, ẹni tó wà lẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bá.

Kẹ́ ẹ fi bírò tí omi kì í tètè pa kọ nọ́ńbà fóònù méjì sí inú apá ọmọ kọ̀ọ̀kan, sí ibi tí aṣọ bò. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dí níbi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, torí náà ẹ fẹnu kò sí ibì kan tẹ́ ẹ ó ti pàdé bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà. Ẹ fi ọwọ́ hàn wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn dárúkọ rẹ̀.

BàbáẸyinIná

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ó kan ẹran.

Ìṣirò kọ́kọ́. Ẹran eléegun tí a ò tíì sè: gíráàmù 350 fún àgbà, 150 fún ọmọ tó lè jẹ ẹran. Àgbà mẹ́fà àti ìyá àgbà, ọmọ mẹ́ta (ẹ yọ ti ọmọ ọwọ́), ó jẹ́ bíi kílò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde lẹ wà, ọjọ́ Ojúde Ọba ni, ilẹ̀kùn ò ní tì. Àwọn onífújì náà á jẹun. Ẹ ṣètò kílò mẹ́fà: mẹ́rin ààbọ̀ fún àsun, ọ̀kan ààbọ̀ fún súyà láti itan tí kò léegun. Eegun, omi àti ọ̀rá máa gbé nǹkan bí ìdajì lọ, ẹ má wo bí ó ṣe kún agbada kó tó jiná.

Ibi tí ẹran Iléyá ti máa ń bàjẹ́ kì í ṣe ọjọ́ kẹta. Wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Àwọn èèyàn á pa àgbò láago mẹ́wàá, wọ́n á kó ẹran gbígbóná jọ sínú ọpọ́n kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ káàkiri, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á wá rọ́ ìyókù sínú fírísà nínú ọ̀rá ńlá kan. Ẹ̀yìn ọ̀rá yẹn á dì bí òkúta, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ló sì ti ń rà. Nítorí náà, ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ sun, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó pín ohunkóhun. Ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kó tutù, kẹ́ ẹ wá dì í ní kílò kan kan sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Kó tó wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n gé e, kó ti wà nínú òtútù. Tí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan.

Tí iná bá lọ: fírísà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, máa ń mú òtútù dúró fún bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríjì lásán, wákàtí mẹ́rin péré. Torí náà inú fírísà ni kí ẹran ọjọ́ kẹta wà. Kẹ́ ẹ dí àyè tó ṣófo pẹ̀lú pure water, àwọn náà á di yìnyín, ẹ ó tún lò wọ́n nínú kúlà.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ gbé e bọ́ sínú fíríjì kó máa yọ́. Ẹ má gbé e sórí tábìlì kó sùn mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ ki ẹran náà pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ tó dì pa bọ inú omi tútù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ní ìṣẹ́jú 30 sí 30. Kílò kan á yọ́ láàárín bíi wákàtí méjì.

ỌmọÒndó

Ẹ má bínú o, bàbá, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àsun kì í ṣe ẹran àgbò. Òbúkọ ni, a ó wi í, a ó sun ún pẹ̀lú awọ rẹ̀. Ẹran tí wọ́n bá ti bọ́ awọ rẹ̀, tí wọ́n sì sè, tí wọ́n wá fi ata yí, ẹran díndín aláta nìyẹn. Ẹ̀ka Òndó àti Èkìtì ló ni àsun, ẹ má jẹ́ kó sọnù.

BàbáẸyinIná

Ọ̀rọ̀ yín wúwo, mi ò sì ní já a sílẹ̀. Àwọ̀ àti òórùn àsun, ara awọ tí iná ti wi ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí Ìyá Tọ́lání bá alápatà sọ̀rọ̀ kó tó gbé ọ̀bẹ: kó má bọ́ awọ apá méjèèjì àti itan kan. Kó ya wọ́n sọ́tọ̀, kó wi wọ́n lórí iná igi. Irun àgbò pọ̀ ju ti òbúkọ lọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi abẹ fá a sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e sórí iná. Bí ó bá ti ń wi, ẹ máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á. Nígbà tí awọ bá pọ́n bí àkàrà tó jiná, tó sì le, ẹ fi kànrìnkàn àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́.

Ohun kan tí mi ò ní gbà rárá: kí alápatà má fi táyà wi ẹran yín. Ó yá, ó sì ń jó dáadáa, ṣùgbọ́n èéfín táyà ń fi òjé àti àwọn májèlé mìíràn sára awọ, kò sì sí ìfọ̀ tó máa mú un kúrò. Ẹ dúró tì í. Tí èéfín bá dúdú kirimú tó sì ń rùn bí rọ́bà, ẹ gba ẹran yín.

Ní ti sísè kó tó sun, ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin ò ti ní fohùn ṣọ̀kan. Òbúkọ kékeré, ẹ sun ún tààrà. Àgbò Iléyá tó ti lé ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, iṣan rẹ̀ ti yi. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí èédú ní tútù, ìta á jó, àárín á máa ṣẹ̀jẹ̀, ìyá àgbà ò sì ní lè jẹ ẹ́.

ÌyáTọ́lání

Àgbò wa yóò tó ọdún mẹ́ta o. Ẹ sọ bí mo ṣe máa sè é àti bí mo ṣe máa sun ún, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

BàbáẸyinIná

Ó dáa. Fún kílò mẹ́rin ààbọ̀ àsun:

Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó lọ síbi ìran, ẹ gé ẹran sí ègé tó tó ọwọ́ ọmọdé. Ẹ má tíì gé e wẹ́wẹ́, yóò gbẹ. Ẹ da á sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà ńlá méjì, ata ilẹ̀ gígún ṣíbí ìjẹun méjì, áyù díẹ̀, iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì tó tẹ́jú, Maggi mẹ́rin. Omi kọ́ọ̀bù kan péré. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó hó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹran fúnra rẹ̀ á sun omi. Tí fóòkì bá wọlé àmọ́ tó ṣì ń di ẹran mú díẹ̀, ó tó. Tó bá ti ń já kúrò lára eegun, ó ti kọjá àsun, inú ààrò ló máa fọ́ sí. Omi rẹ̀, ẹ má dà á nù.

Tí àgbò bá yi jù, ẹ fi omi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n pa á lára fún ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó sè é. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó. Nǹkan inú ìbẹ́pẹ ló ń gé iṣan ẹran. Tó bá pẹ́ jù, ẹran á rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀dọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹran tútù, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríjì tàbí kúlà. Ẹ má fi í sórí ààrò pẹ̀lú ìdérí títí ẹ ó fi dé nírọ̀lẹ́. Ẹran tí a sè ìdajì tó sì jókòó nínú ooru fún wákàtí mẹ́fà léwu gan-an.

Èédú: garawa ọ̀dà onílítà 20 kan tó kún, ìyẹn bíi kílò mẹ́rin, á gbé àsun àti súyà. Èédú igi àyìn ló dára jù lọ́jà wa. Ó wúwo lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá fi méjì lu ara wọn á dún bí àwo. Èédú fúyẹ́fúyẹ́ á jó tán kí ẹran tó pọ́n. Ògùṣọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ràn án. Kẹrosíìnì á fi òórùn sílẹ̀ lára ẹran, ọ̀rá pure water burú ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn tó bá ràn, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 25 tàbí 30. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ẹran jẹ́ nìyí: wọ́n rí ọwọ́ iná, wọ́n rò pé ó ti tó. Ọwọ́ iná kọ́ ni a fi ń sun ẹran, ẹyin iná ni. Ẹ dúró títí eérú funfun yóò fi bo èédú, tí pupa rẹ̀ á sì máa yọ lábẹ́. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀ ní ìwọ̀n gígùn ọwọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá lè kà dé márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó jó yín, ẹ tẹ́ ẹran. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ní méjì, iná ti pọ̀ jù.

Ẹ kó ẹyin iná sí ẹ̀gbẹ́ kan ààrò, kí ẹ̀gbẹ́ kejì má ní nǹkan kan. Ọ̀rá àgbò pọ̀. Tó bá ń kán sórí èédú, iná á ru sókè, á sì fi ẹ̀dú dúdú kíkorò bo ẹran. Bó bá ti ru, ẹ ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ tó tutù, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ má da omi sí i, eérú ló máa fò lé ẹran. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 tó, ẹ máa yí i.

Kẹ́ ẹ wá gé e wẹ́wẹ́ nísinsìnyí, ègé kékeré tí ẹnu gbà lẹ́ẹ̀kan. Ata rodo 25, tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà mẹ́rin, kẹ́ ẹ gún un tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ ní wóróbo, kó má kúnná. Òróró ìdajì kọ́ọ̀bù nínú agbada, ẹ din ata náà títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ bu omi ẹran ìgbakọ méjì sí i, ẹ da ẹran lé e, ẹ yí i pọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí agbada yìí wà ní ìta gbangba. Èéfín ata rodo nínú kíṣìnì tó há lè dá ọmọ tó ní ikọ́-fée dúbúlẹ̀.

ỌmọÒndó

Ẹ ṣeun, bàbá. Pẹ̀lú awọ tí a wi, mo gbà á. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un: ẹ yọ díẹ̀ nínú àlùbọ́sà yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ gé e lóbìírí, kẹ́ ẹ dà á sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ agbada kalẹ̀. Kó ṣì máa ró lẹ́nu. Kẹ́ ẹ sì yọ ẹran àwọn ọmọ sílẹ̀ kí ata tó wọ agbada. Wọn ò lè jẹ rodo 25.

Mẹ́súyà_Àgọ́Ìwòyè

Ti súyà kù. Fún kílò kan ààbọ̀ ẹran itan: ẹ fi í sínú fírísà fún wákàtí kan kó le díẹ̀, ọ̀bẹ á lè gé e tín-ín-rín. Ìnípọn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ti owó kọ́bọ̀ méjì tí a gbé lé ara wọn. Ẹ gé e kọjá iṣan, kì í ṣe ní ọ̀nà tí iṣan gbà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: tí iṣan bá gùn lójú ègé ẹran bí okùn, ẹ yí ẹran padà.

Yájì rẹ̀: kúlíkúlí gíráàmù 200 tó gbẹ, ata ilẹ̀ gbígbẹ ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀, kànáfùrù ẹyọ mẹ́wàá, iyọ̀ ṣíbí tíì kan ààbọ̀, Maggi mẹ́ta. Ata gígún ṣíbí ìjẹun méjì fún àgbà. Fún ọmọ, ẹ má fi ata sí i rárá, ata ilẹ̀ yẹn tó wọn. Tí ọmọ kankan bá wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀bẹ àti tíréè yìí, kì í ṣe súyà nìkan. Ẹ bi àwọn òbí ọmọ àlejò kẹ́ ẹ tó fún wọn jẹ.

Kúlíkúlí tí wọn ò fún òróró rẹ̀ dáadáa ni ọ̀tá yájì. Á lẹ̀ pọ̀ nínú ọlọ bí ẹ̀kọ, lórí iná á sì jó kíákíá. Ẹ fọ́ ọ sínú ọwọ́: tó bá fi òróró sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi bébà wé e, kẹ́ ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e mọ́jú.

Ẹ rẹ ọ̀pá igi súyà sínú omi fún ìṣẹ́jú 30 kó má jó. Ẹ fi igi náà gún ẹran, kó tẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn, kó má wọ́ jọ. Ẹ yí i mọ́ yájì, ẹ jẹ́ kó jókòó ìṣẹ́jú 30. Lórí iná, ẹ̀gbẹ́ ẹyin iná ni kó wà, kì í ṣe orí rẹ̀ gan-an, torí ẹ̀pà á jó kí ẹran tó jiná. Ẹ wọ́n òróró ẹ̀pà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ó parí. Àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì tó máa bá a lọ, orí pákó mìíràn ni kẹ́ ẹ ti gé e, pẹ̀lú ọ̀bẹ mìíràn.

Ẹlẹ́rọOrin

Ẹ̀yin ò tíì sọ ibi tí ààrò máa wà. Àwọn onífújì á gbé sípíkà dé, jẹnẹrétọ̀ á wà, kánópì á wà, ààrò náà á wà, gbogbo rẹ̀ nínú àgbàlá kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ààrò ni kó wà ní ìsàlẹ̀ atẹ́gùn, kí èéfín jáde kúrò ní àgbàlá. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ó kéré tán láàárín rẹ̀ àti kánópì, torí ike ni orí kánópì. Ẹyin iná kan ṣoṣo tí atẹ́gùn gbé á dá a lu. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti sí ààrò, kẹ́ ẹ má sì rọ epo sí i nígbà tó bá gbóná.

Sípíkà: ẹ má kọjú rẹ̀ sí ògiri tàbí sí ibi tí ìyá àgbà jókòó. Gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fúnra wọn ti lágbára nínú àgbàlá ilé, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ. Ohùn olórin ni kẹ́ ẹ fún ní ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n gígùn apá kan sí yín tó gbọ́, ó ti ga jù fún ọmọdé.

Tí òjò bá dé, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má gbé ààrò èédú wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, gáréèjì tàbí abẹ́ kánópì tí ẹ ti fi tapólì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹyin iná tó dà bíi pé ó ti ń kú gan-an ṣì ń tú u jáde. Orí fífọ́, òòyì, èébì, èèyàn á sùn lọ. Ẹ kó ẹran, ẹ fi ààrò sílẹ̀ nínú òjò.

ÌyáTọ́lání

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku mẹ́ta: kí ni mo máa fún ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ò lágbára mọ́? Báwo la ṣe máa pa iná? Àti àsun tó bá ṣẹ́ kù, ṣé a lè gbé e padà wá sí Èkó lọ́jọ́ kẹrin?

ỌmọAlárẹ́

Ìjẹ̀bú lẹ wà, ẹ ro ìkọ́kọrẹ́ fún màmá. Ewùrà ni kẹ́ ẹ rin, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé. Kílò ewùrà kan á yó èèyàn mẹ́ta. Ẹ fún omi rẹ̀ nù díẹ̀ tó bá ṣàn jù, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kẹ́ ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kó lè mú ìṣù. Tí màmá bá ní àsun lòun fẹ́, ẹ mú ẹran ọrùn, ẹ sè é fún wákàtí kan ààbọ̀, kó kàn gba èéfín lórí ààrò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ ya á wẹ́wẹ́ fún wọn. Àwọn náà á bá yín jẹ àsun.

BàbáẸyinIná

Iná: eérú tó dà bíi pé ó ti kú lè gbóná sínú títí di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí kò ní sọ mọ́. Ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré, ẹ má sì dà á sínú garawa ìdọ̀tí oníke.

Àsun tó ṣẹ́ kù: láàárín wákàtí méjì tẹ́ ẹ sọ agbada kalẹ̀, ẹ bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó má jìn ju ìka méjì lọ, kẹ́ ẹ gbé e sínú òtútù. Èyí tó ti wà lórí tábìlì látìgbà tí àwọn onífújì ti bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi tú ká, ẹ má gbé e. Lọ́jọ́ kẹrin, inú kúlà ni kó wà, kí yìnyín wà lábẹ́ rẹ̀ àti lórí rẹ̀, kí ìwọ̀n yìnyín tó ti ẹran. Nínú fíríjì l'Ékòó, ọjọ́ mẹ́ta. Omi ẹran tí mo ní kẹ́ ẹ má dà nù, ẹ gbé òun náà dání nínú ike: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé àsun kaná, ṣíbí mẹ́ta nínú agbada, ẹ da ẹran lé e, ẹ dé e lórí iná kékeré títí yóò fi máa sọ èéfín láàárín gbùngbùn, kẹ́ ẹ wá ṣí i kí omi gbẹ.